Ohùn Bàbá Wà Nínú Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Kú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Bàbá tẹ "Ṣé o jíire?" fún mi nígbà tí mo ń dín ẹyin. Mo jẹun, mo wẹ̀, mo wọ bàtà, mo jáde, mo dé ìdí ọkọ̀ kí n tó rántí pé mi ò mú kọ́kọ́rọ́. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn wọlé padà báyìí ni ohùn Bàbá bú jáde láti pálọ̀: "Ṣé o jíire?"

Mo ní, "Mo jíire, sà. Ọ̀sán tiẹ̀ ti ń lé mi bọ̀."

Èmi rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín. Wọ́n na ìka sí kọ̀ǹpútà bí ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ rẹfirí tí wọ́n ń lé agbábọ́ọ̀lù kúrò lórí pápá.

Kì í ṣe ohun ẹ̀rín lóòótọ́. Láti ìgbà tí àwọn dókítà ti yọ gògóńgò wọn, inú ẹ̀rọ yìí nìkan ni ohùn wọn kù sí. Kí wọ́n tó lọ fún iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tí a ta bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi, ilẹ̀kùn, ọmọ mi, ó ti tó, títí ọ̀nà ọ̀fun fi ń dùn wọ́n. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ báyìí, ohùn ara wọn ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ ọ́. Tí kọ̀ǹpútà bá wá ń wọ́ bí ìgbín, ṣé ẹ rí i pé Bàbá gan-an ló di ẹni tó ń wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo ní kí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ti ń palẹ̀ mọ́, ó sì ń yí òbìrìkìtì kékeré kan yípo. Mo fọ abọ́ tán, ó ń yí i. Mo lọ aṣọ tán, ó ń yí i. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó ṣì ń yí i. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ.

Ọjọ́rú, 5

Wàhálà ni mo fà, kì í ṣe wáyà. Kí ó tó jí lónìí, mo ti kọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ààyè ìgbọ́kọ̀sí, mo ti dé padà. Ó ń ta kọ́kọ́kọ́ nínú bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù yìí, òun àti àǹtí wa, àbúrò Bàbá, kí a jókòó sọ̀rọ̀ ilé.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ilé wo?"

"Bàbá ṣubú ní ilé ìwẹ̀ lóṣù tó kọjá, ìwọ ò sí nílé. Wọn ò lè pariwo kí aládùúgbò gbọ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́? A máa ta ilé yẹn, wọ́n á wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ ti bi Bàbá?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi wọ́n? Tí mo bá bi wọ́n lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa dáhùn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò parọ́.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá bó ṣe wà, mi ò bu iyọ̀ sí i. Wọ́n tẹ nǹkan. Mo jókòó, mo káwọ́ gbera, mo dúró. Ó pẹ́ púpọ̀ kó tó jáde: "Jẹ́ kó wá."

Ọjọ́ Ẹtì, 7

A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé epo. Bàbá ò jẹ́ kí n gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n gbé e lé títí a fi débẹ̀, wọ́n sì ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ nígbàkigbà tí mo bá kó sí kòtò.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó, ó mi orí. "Màdáámú, ẹ jẹ́ ká nù ún mọ́ pátápátá, kó bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ máa lọ. Ṣé fíìmù ni?"

"Ohùn bàbá mi ni."

Ó wo Bàbá. "Ṣebí wọ́n nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ."

Bàbá tú aṣọ tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n fi ihò tó wà níbẹ̀ hàn án. Ọkùnrin náà ti àga sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú." Ó ní òun ò lè nu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n nítorí Bàbá, òun á fi ẹ̀ṣọ́ kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, tó máa lé kòkòrò inú kọ̀ǹpútà. A dúpẹ́. A gbé e wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ẹ̀ṣọ́ dé, iṣẹ́ dúró. Tàná sàn jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10

Bíréèkì ni mo ń pe obìnrin tí mo ń kọ́ lọ́kọ̀ láàárọ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, torí ewé lásán tó bá já láti orí igi, ó ti tẹ bíréèkì fún un. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní báǹkì kan. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù lágbàáyé yìí bí ọkọ̀ akẹ́rù.

Lónìí ó tẹ bíréèkì fún ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbé kiri, mo sì pariwo mọ́ ọn. Ó wa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó paná rẹ̀.

"Tíṣà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rá nìyẹn. Kí ló ń ṣe yín?"

Mo tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó ń bi mí ní ìbéèrè bíi dókítà. Ṣé ó ń gbóná? Ṣé ó máa ń dákẹ́ lójijì? Ṣé ẹ ń gbọ́ ariwo nínú rẹ̀?

"Ó ń ta kọ́kọ́kọ́."

Ó ṣí ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. "Ẹ má fa wáyà yẹn yọ mọ́ láé! Díìsìkì tó kó gbogbo nǹkan sínú ló ti ń rẹ̀ yẹn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da ohùn Bàbá kọ síbòmíràn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe é."

"Ó tì o. Mo máa jókòó tì yín, àmọ́ ọwọ́ yín ló máa ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ bá mi wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́rù, ṣé ẹ gbà fún mi?"

Mi ò gbà fún un. Obìnrin yìí ò gbàgbé nǹkan.

Ọjọ́rú, 12

Òjò láti àárọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wakọ̀ nínú irú òjò yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo ra díìsìkì alágbèéká kan, ó wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bí Bíréèkì ṣe kọ́ mi lórí fóònù, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í da ohùn Bàbá kọ. Ó ń lọ ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Bàbá gbé àga wọn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn ò kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n lọ tọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ó parí. Gbogbo rẹ̀ ló kọjá àyàfi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ti bàjẹ́ lórí díìsìkì: àtẹ̀gùn, pákó, àti rárá.

Mo gbìyànjú títí. Mo pe Bíréèkì, òun náà sọ ohun tó mọ̀, mo ṣe é, pàbó ló já sí. Àtẹ̀gùn lè lọ. Pákó, ta ló ń sọ̀rọ̀ pákó? Ṣùgbọ́n rárá! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, nínú oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ yìí!

Mi ò fẹ́ sọ fún Bàbá, àmọ́ wọ́n ti kà á lójú mi. Wọ́n fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, wọ́n tẹ rárá. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó dákẹ́. Wọ́n wá na ìka sí kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ nǹkan mìíràn, nígbà tó yá ni ohùn wọn jáde, ó le koko:

"Olè."

Èjìká wọn ń mì. Ẹ̀rín ni. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí nìyẹn, láìsí ariwo. Mo ní mo lè fi ohùn tèmi pe rárá sínú rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Bíréèkì wá sílé. Ó jókòó lẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìtan kó má bàa bá mi ṣe é.

Ẹ̀ṣọ́ méjì la bá nínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ló fi síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Èkejì ni ti ọkùnrin ẹ̀yìn ilé epo. Bí ọ̀kan bá gbé fáìlì kan pẹ́nrẹ́n, èkejì á ní dúró ńbẹ̀, ta nìwọ? Bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wọn lápò wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ráyè ṣọ́ ilé. Mo lé ọ̀kan jáde. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo lé. Bíréèkì ní èyíkéyìí ni mo lè lé, mo sì mọ èyí tó wù mí.

Lẹ́yìn náà a wo àwọn ètò tó máa ń jí fúnra wọn tí a bá ti tan kọ̀ǹpútà. Olúwa mi! Ti kámẹ́rà tó ti sọnù, ti eré ayò, ti ilé ìtajà tí mi ò ra nǹkan níbẹ̀ rí. Mo ní kí gbogbo wọn lọ sùn.

Bàbá tẹ "Omi." Ó jáde kí n tó mí. Mo sáré lọ bu omi, wọ́n ní òùngbẹ ò gbẹ àwọn, àwọn kàn dán an wò ni.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ó ti yára. Àmọ́ kò kú. Mo ní kó pa ara rẹ̀, òbìrìkìtì bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, orí kunkun ẹ̀rọ yìí mà pọ̀ o." Wọ́n nawọ́ sí mi pé èmi ló jọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo bá ọkùnrin kan ní pálọ̀ tó ń na tépù láti ògiri dé ògiri. Ẹni tó wá tún àjà ṣe ni Bàbá rò pé ó jẹ́ tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló rán òun, ẹnì kan ti fẹ́ ra ilé.

Kí n tó ya ẹnu, mo gbọ́ tí wọ́n tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan.

"Jáde!"

Ọkùnrin náà wo ẹnu mi. Ó wo ẹnu Bàbá. Ó gbójú sókè wo àjà. Bàbá tún un tẹ̀. Tépù náà ká ara rẹ̀ wọlé ṣààràrà, ọkùnrin náà sì tẹ̀ lé e jáde.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀. "Ẹ ń wọn ilé mọ́ ẹni tó wà láàyè lórí?"

Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí pé Bàbá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀? Tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ títí ẹnì kan fi gbọ́? Ìwọ ni ẹni náà kọ́kọ́ pè, o ò gbé fóònù. Mo wakọ̀ wá, mi ò mọ bóyá òkú ni mo ń lọ bá."

Ọkọ̀ ni mo ń wà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀rù ló ń ba ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiẹ̀ ò gbọdọ̀ ta ilé Bàbá. Kò níí ṣẹlẹ̀ níṣojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 20

Bíréèkì wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́rù! Ó di eyín, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ó kọjá. Mo pàtẹ́wọ́. Bó ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ló ní, "Tíṣà, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí kò fẹ́ kú yẹn. Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?"

"A ní in tẹ́lẹ̀. Ó bàjẹ́, a ti jù ú nù."

"Ẹ lọ wò bóyá nǹkan kan ṣì wà tó ń dúró dè é."

Mo délé, mo wá a lọ síbi tó júwe fún mi. Àwòrán adìyẹ. Adìyẹ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yà nígbà tó wá lo ọlidé, tó ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́nà ọgọ́ta. Ìka ọmọdé ló ṣìnà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti kúrò nílé, kọ̀ǹpútà ò gbọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá ní kó sùn, á ní iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ọgọ́ta adìyẹ ń dúró.

Mo pa wọ́n rẹ́. Mo ní kó pa ara rẹ̀. Ó pa ara rẹ̀.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá fò dìde, wọ́n ń lu èjìká mi, ojú wọn ti yọ síta. Wọ́n rò pé mo ti pa á ni! Mo tún un tàn kíá. Bó ṣe jí, wọ́n tẹ̀ ẹ́:

"O ṣeun. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ó ń yára, ó ń kú nígbà tí a bá ní kó kú, àmọ́ kọ́kọ́kọ́ yẹn ti ń le sí i. Bíréèkì ní díìsìkì náà ò ní pẹ́ lọ. Ká yọ ọ́, ká fi tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ẹ̀gbọ́n mi dé. Bí mo bá ṣí i tí mo bà á jẹ́ ńkọ́? Tí mo bá fi í sílẹ̀ tó dákẹ́ lójú gbogbo ènìyàn ńkọ́? Ọkàn mi dà bí ọkọ̀ tó wà láàárín jíà méjì.

Mo bi Bàbá. Wọn ò ronú. "Ṣí i."

Ọjọ́ Àìkú, 23

Bíréèkì tún wá. A ṣí i lórí tábìlì oúnjẹ, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Eruku tó wà nínú rẹ̀ tó rán ìrọ̀rí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé gbá a jáde. Sukudiráfà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, Bíréèkì sì ń fi ọ̀rọ̀ mi dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ẹ má kánjú. Ẹ wo iwájú. Kò sẹ́ni tó ń lé yín." Mo fẹ́ bú u. Mo rí i bí ó ṣe máa ń rí lára àwọn tí mò ń kọ́.

Díìsìkì tuntun ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo tì í bọ̀ ọ́, mo dè é, mo tan iná. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó ṣì dúdú, ó ṣì dúdú. Bàbá ti di etí tábìlì mú. Àfi tí Bíréèkì ní, "Tíṣà, wáyà ojú rẹ̀ lẹ ò tíì so padà." 

Lẹ́yìn ìyẹn ó kù ká da gbogbo nǹkan padà sínú rẹ̀. Ó gbà wá ní ọ̀sán yẹn tán. Ohùn Bàbá wọlé padà, àfi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bíréèkì, wọ́n wá bi í bóyá lóòótọ́ ni ó ń tẹ bíréèkì fún ewé. Mi ò tún ní sọ nǹkan kan fún Bàbá mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ó jí kí omi tíì tó hó. Kò ta kọ́kọ́kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Wọ́n dé. Àǹtí gba àga tó rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n kẹ́yìn sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ ti ilé ìwẹ̀, ti ọjọ́ orí, ti yàrá tó ti kùn sílẹ̀ de Bàbá. Èmi àti Àǹtí ló kọjú sí. Ó ní, "Wọ́n máa gbádùn níbẹ̀. Wọ́n máa rí ọmọ mi lójoojúmọ́. Wọ́n—"

"Jókòó."

Kò pariwo. Bí Bàbá ṣe máa ń sọ ọ́ láti kékeré wa náà ni, pẹ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ á sì ti tẹ̀ kí o tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó wo kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbàkigbà tó bá wá tẹ́lẹ̀, kò ní sùúrù ìdúró. Òun ló máa ń bá Bàbá parí ọ̀rọ̀.

"Wò mí," ni Bàbá wí. Ó wò wọ́n. "Ta ló ni ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló ṣubú?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé ọpọlọ mi ló ṣubú?"

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí a ò bá ta ilé, tí ẹ bá tún ṣubú, kí ni mo máa sọ? Ẹ ṣáà sọ fún mi, ṣé ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá?"

Mo rí i tí ìka Bàbá lọ síbi tí rárá ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tó dúró lókè bọ́tìnnì náà, tó sì gbéra kúrò níbẹ̀. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

"Ibí ni mo ti jí lónìí. Ibí ni mo máa sùn. Ọ̀la, ibí. Bí o bá fẹ́ràn mi, wá kan irin mọ́ ilé ìwẹ̀ kí n máa dì í mú. Mi ò lọ. Mi ò lọ. Mi ò lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì jáde ketekete.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Bàbá, mo ti gbàgbé bí ohùn yín ṣe rí." Ó dìde, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó gbé orí lé apá àga wọn, ọkùnrin tó ti ń hu ewú lórí. Bàbá fi ọwọ́ òsì pa á lórí. Wọ́n fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́:

"Ìgbà wo lo ń kan irin náà?"

Ọjọ́ Ajé, 31

Ó ti kàn án. Méjì. Bàbá rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n mì í bí ẹni tó fẹ́ fà á tu, wọ́n ní ó dára, àmọ́ ó wọ́. Lóòótọ́ ó wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti béèrè bí irin ṣe ń ṣe sí. Bàbá ní kí n gbé fóònù ti kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lánàá: ẹ̀gbọ́n mi ní pẹnáritì ni, Bàbá ní kì í ṣe pẹnáritì. Kíbọ́ọ̀dù ń ró wàràwàrà. Mo gbé aṣọ tí mo fọ̀ lọ sẹ́yìn ilé láti sá a. Oòrùn mú dáadáa. Mo sá a tán, mo bu omi sí òdòdó, mo padà wọlé, wọn ò tíì dákẹ́. Láti inú fóònù ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bẹ̀bẹ̀:

"Bàbá! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀!"